Ohun Tí Koríko Gbígbẹ Kò Ní

Màlúù mẹ́sàn-án ni Bàbá Ìyàndá fà lé Kaosarah ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé pápá mọ́. Ẹ̀yìn àdúgbò Alajue ni pápá náà wà, wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, koríko inú rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn pẹ́. Koríko pọ́n bí ewé tábà. Àwọn màlúù ń jẹ ẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ èèyàn lè ka egungun ìhà wọn.

Jibril, ẹ̀gbọ́n Kaosarah tó ń ta símẹ́ńtì nígboro Ẹdẹ, wá wò wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun. Ó ní ebi ló ń pa wọ́n.

"Ebi kọ́, bọ̀ọ̀dá," ni Kaosarah wí. "Ikùn wọn kún. Ẹ wo ìgbẹ́ wọn, bó ṣe le, tó tò lé orí ara wọn. Koríko tó ti gbẹ kò ní ohun tó ń mú ẹran lára le. Ewé ẹ̀pà ni wọ́n nílò, àti èkùrọ́ lílọ̀ tí wọ́n ti fún àdí rẹ̀ tán."

"Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Àwọn dókítà ẹran tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ náà sì sọ ọ́."

Jibril rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló rí obìnrin tó ń sin màlúù. Ó ní èèpo ẹ̀gẹ́ kún Sekona, àwọn tó ń ṣe gàrí ń wá ẹni tí yóò bá wọn kó o dànù, òun yóò fi ọkọ̀ kan ránṣẹ́. Bí wọn kò bá sanra lórí ìyẹn, kí wọ́n kó wọn fún alápatà.

Ọjọ́ kejì ni òun fúnra rẹ̀ tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé. Èèpo tútù kún inú rẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀. Kaosarah ti rí ewúrẹ́ tó jẹ irú èèpo bẹ́ẹ̀ rí. Ó wú, ó sì kú kí oòrùn tó wọ̀. Kaosarah ti géètì.

"Ṣí i," ni Jibril wí.

"Ẹ má bínú, n kò ní ṣí i."

"Èmi ni àgbà."

"Ẹ̀yin ni àgbà. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n fa màlúù lé lọ́wọ́."

Jibril pe bàbá wọn lórí fóònù, ó sì gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Bàbá Ìyàndá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó ní:

"Kaosarah, ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Gbà fún un."

Kaosarah kò retí ìyẹn. Ó dùn ún dọ́kàn. Ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, àmọ́ àárín ọ̀nà ló kúnlẹ̀ sí, níwájú táyà ọkọ̀ gan-an.

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ gba màlúù yín padà, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì wà lọ́wọ́ mi, èèpo tútù kò ní wọ pápá yìí."

Bàbá gé ìpè náà láìgba màlúù padà. Awakọ̀ pa ọkọ̀, ó ní òun ò lè gun orí èèyàn. Jibril sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, wọ́n bá da èèpo náà sí etí ọ̀nà, wọ́n lọ.

Kaosarah kò jẹ́ kó jẹrà. Òun àti Sàídì, ọkùnrin tó ń bá a da ẹran, tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá tapólì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ń sá a sóòrùn kí oró inú rẹ̀ lè tán. Lẹ́yìn náà ló lọ ra èkùrọ́ lílọ̀ àti ewé ẹ̀pà, ó pò wọ́n pọ̀ fún àwọn màlúù.

Àwọn màlúù gbóòórùn èkùrọ́ náà, wọ́n sì yí orí kúrò. Odindi ọjọ́ márùn-ún, wọn ò fẹnu kàn án. Lọ́jọ́ kẹfà, èyí tó dàgbà jù nínú wọn dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Jibril gbọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Kaosarah: *Ọ̀jọ̀gbọ́n, mẹ́jọ ló kù.*

Kaosarah sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ẹran náà, kò sì fi pamọ́ fún Sàídì.

"Ṣé ká kúkú tà wọ́n?" ni Sàídì béèrè.

"A ò ní tà wọ́n."

Ó lọ fọwọ́ kan èèpo tí wọ́n sá. Ó ti gbẹ dáadáa, ó ń ṣẹ́ lọ́wọ́. Ó rún un, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó pò ó mọ́ èkùrọ́ àti ewé ẹ̀pà náà. Abo dúdú kan ló kọ́kọ́ wá lá a. Kò kúrò níbẹ̀. Àwọn yòókù bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá.

Ìwọ̀nba ló ń fún wọn láràárọ̀, ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó lọ jẹ koríko. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgbẹ́ wọn ti rọ̀. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀, egungun ìhà wọn ti wọlé.

Jibril fi mọ́tò gbé Bàbá wá wò wọ́n. Bàbá Ìyàndá fọwọ́ wọ́ ẹ̀yìn abo dúdú náà láti èjìká dé ìdí.

"Wọ́n ti dára fún títà báyìí," ni Jibril wí.

"Kò sí èyí tí mo fẹ́ tà níbẹ̀," ni Kaosarah dá a lóhùn.

Bàbá rọra kọjú sí i. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù ọjọ́sí, ojú ń tì mí."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà má ní kí n gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́ lórí ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi."

Bàbá mi orí pé òun gbọ́. Jibril ní kí àwọn máa lọ, pé oòrùn ń mú. Bàbá ní kó máa lọ, pé òun ṣì fẹ́ wo màlúù.