Èlùbọ́ Rúùtù

Àwọn tí ìjọba rán wá, tí wọ́n wọ aṣọ ọ̀rá láti orí dé ẹsẹ̀, ni wọ́n sin Rúùtù. Obìnrin kankan nínú ẹbí ò wẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò di irun rẹ̀. Jòhánù ọkọ rẹ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wò wọ́n.

Nígbà tí ẹbí ti itẹ́ òkú dé, Eunice, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ṣán ìró mọ́dìí, ó kọjú sí yàrá oúnjẹ. Nínú ẹbí wọn, ohun tí obìnrin bá fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Jòhánù dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Success, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan èlùbọ́ yẹn."

"Kí ló ṣe é? Ṣé o fẹ́ tà á ni?"

"Eku ló pa àbúrò yín. Dókítà ní Òmù-Àrán sọ pé ìtọ̀ eku ló kó ibà Lásà ràn án."

Eunice fi ẹ̀gàn rẹ́rìn-ín. "Ìtọ̀ eku! Ta ni ò tíì jẹ ẹ́ rí níbí? Ìgbẹ́ eku, a fẹ́ ẹ dànù, a lọ iṣu wa. Omi gbígbóná á pa ìyókù."

"Kí ẹ tó dé ìdí omi gbígbóná, ẹ ó ti jọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ á ti wọ̀ yín nímú."

Òótọ́ ni. Gbogbo ọ̀sán ni Rúùtù fi ń lé ewúrẹ́ àti adìyẹ kúrò nídìí iṣu tó sá. Bílẹ̀ bá ṣú, a kó o jọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, a fẹní bò ó. Ta ní ń ṣọ́ eku?

"Ìwọ tẹ́ ẹ jọ ń jẹ ẹ́ ńkọ́, tó ò kú?" ni Eunice bi í.

Jòhánù ti bi dókítà bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà ní àìsàn náà a máa fọwọ́ kan ẹlòmíràn lásán, a sì pa ẹnìkejì. Ṣé ìyẹn náà ni èsì? Ó wọ́ àpò èlùbọ́ náà síta, ó da kẹrosíìnì lé e, ó ṣáná sí i.

"Òógùn àbúrò mi lò ń jó yẹn, ahun!"

Eunice kó àwọn èrò lọ sílé tirẹ̀. Jòhánù tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó débẹ̀, àwọn obìnrin ti ń jọ èlùbọ́ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ sá lórí àpáta kan náà, eruku bo ìpéǹpéjú wọn.

"Jókòó, kó o jẹun," ni Eunice wí. "Àwa ò ní jó tiwa."

Ọ̀kan nínú wọn sín. Wọ́n kí i pẹ̀lẹ́.