Ihò Bọ́tìnì

...bí mo bá tún ní kí òótọ́ dúró di ọ̀la ńkọ́? Rárá. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lánàá, mo sọ ọ́ níjẹta. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Jamilah, ọmọ mi, máa pe ọsibítù, á ní màmá òun ò ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn náà mọ́, kí wọ́n fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sì mọ̀ pé irọ́ ni mo pa fún òun.

Irọ́ kẹ̀? Àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin kì í purọ́, ó kàn máa ń... irọ́ ni, Kúlúsúmù. Irọ́ ni.

Mò ń gbúròó Jamilah lẹ́yìnkùlé, ó ń gbé omi tí yóò fi jó mi lẹ́yìn ka iná. Nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé lọ́jọ́ tí a lọ ọsibítù, òun ti lọ gba fọ́tò eegun ẹ̀yìn mi nísàlẹ̀. Dókítà bi mí níṣẹ́ tí mo ṣe. Mo ní aránṣọ ni mí, ogójì ọdún gbáko ní Bẹẹrẹ. Ó rẹ́rìn-ín. "Á yé yín nígbà náà, Màmá. Eegun ló ń tẹ iṣan yín mọ́lẹ̀. A ò ní là yín gbọgbọrọ. Ihò kékeré bí ihò bọ́tìnì ni, a ó ki kámẹ́rà tín-ín-rín bọ̀ ọ́. Kò síṣẹ́ abẹ tí ò léwu tiẹ̀, ṣùgbọ́n èyí rọrùn fún ara àgbà."

Ihò bọ́tìnì! Ta ló fẹ́ kọ́ èmi ní ihò bọ́tìnì? Mo ti gé e sára yunifọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ iléèwé Òkè Padre, aṣọ kan ò tìtorí rẹ̀ ya mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Àmọ́ nígbà tí Jamilah wọlé — "Màámi, kí ni wọ́n wí?" — ẹnu mi kàn là, mo ní wọ́n fẹ́ là mí láti ọrùn dé ìdí. Ó sunkún. "A ò ṣe é, Màámi. Mo máa dúró tì yín." Inú mi sì dùn. Ọlọ́hun, forí jì mí, inú mi dùn!

Abẹ ni mò ń bẹ̀rù. Ta ni kì í bẹ̀rù abẹ? Orí àga ni mo ti ń kírun láti ọdún méjì, iwájú orí mi ti gbàgbé bí ilẹ̀ ṣe rí, síbẹ̀ mo ní mò ń bẹ̀rù ihò bọ́tìnì... Kí Jamilah tó dé, yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé yìí, èmi nìkan ni mò ń jí níbẹ̀. Gbogbo ará ilé ti kó kúrò ní Bẹyẹrúnká níbí, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa lọ. Ní báyìí ẹnì kan ń bi mí láràárọ̀ bóyá mo sùn. Mo sì máa ń ní mi ò sùn, kódà bí mo bá hanrun.

Nígbà tí Jamilah ṣì kéré, ìyá ọkọ mi máa ń bínú sí mi. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́ta, mo ṣì ń pọ̀n ọ́n lọ Ọjà'ba. "Kúlúsúmù, sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ kó rìn!" Èmi á tún ọ̀já so...

Láti ààwẹ̀ tó kọjá ni Jamilah ti fi Ishaq ọkọ rẹ̀ àti ọmọ sílẹ̀ ní Kúdẹtì, tó wá ń tọ́jú mi. Fóònù àná ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mutmainnah ni, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún: "Mọ́mì, ẹ̀yìn ń dun èmi náà. Ẹ wá jó o fún mi."

Ẹ gbọ́ ẹ̀yìn ọmọ ọdún márùn-ún! Mo rẹ́rìn-ín. Jamilah náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri.

Ọmọ kékeré... ta ló kọ́ ọ ní irọ́ yẹn? Irọ́ kan náà. Irọ́ tèmi gan-an. Ohun kan náà ni àwa méjèèjì ń fẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ni ìyá rẹ̀.

Ládàánì ti ń pe ìrun Àsárì. Jamilah ń bọ̀, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, omi ń ta sílẹ̀ nínú abọ́. Ẹ̀yìn mi ń ro mí gooro. Kò burú. Mo ti pọ̀n ọ́n pẹ́ jù.

Sọ ọmọ kalẹ̀, Kúlúsúmù.