Orúkọ Ìyá Wa Lára Aṣọ Funfun

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Sìlífátù ní Agége ni gbogbo àdúgbò ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Sìlífátù. Orúkọ yẹn ni ìmáàmù pè nígbà tí wọ́n ń sin ín lọ́dún 1989. Nítorí náà, lọ́jọ́ kan ní ọdún kejì lẹ́yìn ikú náà, tí Sìlífátù ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tó rí aṣọ funfun tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wọn, ṣe ló dúró, tó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ẹ wá dáwó fún ìtọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, ní ìrántí Ìyá Màríàm."

Màríàm ni àbúrò rẹ̀, akọ̀wé ní Aláúsá. Sìlífátù ní tirẹ̀ ń di bisikíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkejà. Láti ìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní sáàpù ti dé, tí ìyẹ̀fun ti wọ́n, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Òun ló tọ́jú ìyá wọn fún oṣù mọ́kànlá. Òun ló ń fọ egbò, òun ló ń se aṣọ tí wọ́n fi ń dì í. Màríàm a wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a gbé ọsàn wá, a jókòó, a sunkún, a sì padà lọ.

Ó bá Màríàm nílé lọ́jọ́ kejì.

"Ta ló ń jẹ́ Ìyá Màríàm?"

"Ẹ má bínú, àǹtí mi. Àwọn ará ọ́fíìsì wa ló sanwó aṣọ yẹn. Orúkọ tí wọ́n mọ màmá wa sí nìyẹn."

"Èmi ńkọ́? Ṣé wọn kò mọ̀ pé ìyá yẹn ní àkọ́bí?"

Màríàm gbé àga fún un. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ yín. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí."

Sìlífátù ní kò burú. Ó dé ibi iṣẹ́, kò sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tí ọjọ́ ìdáwó pé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin ló ṣófo láàárín, ó sì mọ àwọn tí ì bá jókòó síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Màríàm dìde, ó sọ̀rọ̀ ìyá wọn, àwọn ènìyàn sì ń nu ojú. Obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sìlífátù ní, "Irú ọmọ tó yẹ kéèyàn bí nìyí." Ọ̀rọ̀ náà ta á bí ata tó bọ́ sójú. Ó fẹ́ bi í léèrè bóyá ọmọ yẹn fọ egbò rí.

Bí Màríàm ti parí, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin Èkìtì kan tó ń jẹ́ Jọmílójú, dìde.

"Ẹ ṣeun, mà. Kí ni ìyá yín kọ́kọ́ rí? Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ kó tó bàjẹ́?"

Màríàm wá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín èrò. "Àǹtí mi ló mọ̀," ló wí. "Àwọn ló wà níbẹ̀."

Gbogbo ojú yí padà. Sìlífátù dìde. Ohun tó ti ń fẹ́ nìyí.

"Kókó kékeré ni," ó wí, "lábẹ́ ọyàn òsì, kò ju kóró inú àgbálùmọ̀ lọ. Kò dùn wọ́n rárá. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi kà á sí. Èmi ni wọ́n fi hàn. Wọ́n ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù méje ni mo fi dákẹ́. Ìgbà tó là, tó di egbò, ni a tó lọ sí ọsibítù. Mo gbọ́ràn sí ìyá mi lẹ́nu. Ẹ̀yin ẹ má gbọ́ràn."

Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí èrò ń lọ, Màríàm wá bá a. Sìlífátù rò pé yóò bi òun pé kí ló dé tóun fi dákẹ́.

"Ẹ̀yin ni wọ́n fi hàn," ni Màríàm wí. "Gbogbo Sọ́ńdè tí mo wá, wọn kò sọ nǹkan kan fún mi. Ọsàn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi. Àǹtí mi, mo jowú yín títí wọ́n fi kú."

Sìlífátù wò ó. Kò rò ó rí pé ohun kan wà lọ́wọ́ òun tí ẹlòmíràn lè fẹ́. Ó jẹ́wọ́ fún un nípa àwọn bẹ́ǹṣì tó ṣófo, pé òun kò pe ẹnì kankan. Màríàm kàn ń kó àwọn tábìlì kúrò.

Jọmílójú kò tíì lọ. Ó rọra wọ́ Sìlífátù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ó ní òun náà ní irú kókó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kò tíì tàn ká ara, pé iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́ kúrò. Inú owó tí wọ́n dá ni wọ́n ti san owó iṣẹ́ abẹ náà. Bí Jọmílójú ti jáde ní ọsibítù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Màríàm ló kọ́kọ́ dì mọ́, Sìlífátù sì rí i pé ìyẹn ta òun díẹ̀. Ó dúró de ìgbà tirẹ̀.