Ikọ́ Tí Rùfáì Gbé Mì

"Ẹ̀yin ò gbọ́ ni, Ìyá Ládé? Ọsibítù ni wọ́n kó wọn lọ láàárọ̀ yìí!"

Tòkunbọ̀ ò tíì bọ́ bàtà tán tó fi ké sí Nimat bẹ́ẹ̀. Òun àti Rùfáì, ọkọ Nimat, ni wọ́n jọ ń fín ọ̀dà sára àga níbi iṣẹ́ kan ní Alápẹ̀rẹ̀. Rùfáì ò lè dìde lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Ìyẹn ló gbé Tòkunbọ̀ wá.

"Àwọn wo?" ni Nimat bi í.

"Àwọn tó wúkọ́ lójú dókítà ìnṣọ́ránsì tó wá yẹ̀ wá wò níbi iṣẹ́ lánàá. A ti rò pé wọ́n máa lé wọn ni. Àṣé ìnṣọ́ránsì ló máa sanwó ìtọ́jú, owó oṣù wọn ò sì ní dúró."

Nimat yíjú sí ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn. Ọ̀dà funfun ṣì wà lára irun ìpéǹpéjú rẹ̀, bí ẹni pé ọjọ́ ogbó ti tètè dé bá a.

"Bàbá Ládé, kí lẹ sọ fún dókítà?"

"Mo ní ara mi le."

"Ọ̀gá Rùfáì!" Tòkunbọ̀ pariwo. "Ikọ́ tó ń bo ariwo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀! Ibo lẹ gbé e pamọ́ sí?"

"Mo mu mílíìkì agolo méjì kó tó kàn mí."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n gbà pé mílíìkì ń fọ ọ̀dà kúrò láyà, nítorí náà wọn kì í fi nǹkan bo imú.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé Yúnúsà ni?" Rùfáì ní. "Ọjọ́ tó wúkọ́ lójú ọ̀gá ni wọ́n lé e."

"Ìgbà yẹn ò tíì sí ìnṣọ́ránsì," Tòkunbọ̀ fèsì pẹ̀lẹ́. Kò pẹ́ tó fi dágbére.

Nimat ti ilẹ̀kùn. "Ẹ̀jẹ̀ ni mo fọ̀ kúrò lára ìrọ̀rí yín láàárọ̀."

"Má sọ fẹ́nì kankan. Wọ́n á ní mo purọ́ fún dókítà. Bí wọ́n bá lé mi, kí la máa jẹ? Bá mi ra mílíìkì sí i, á lọ."

Ikọ́ gbé e. Nimat di èjìká rẹ̀ mú títí ó fi rọlẹ̀.

"Mi ò ní rà á," ó ní. "Lọ́la, mò ń lọ bá ọ̀gá yín nílé wọn ní Magodo. Màá sọ fún wọn pé ẹ purọ́, màá sì sọ ohun tó fà á. Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ọsibítù, ó dára. Bí wọ́n bá lé yín, ẹ ò ní fín ọ̀dà mọ́ níbikíbi."