Kí Epo Má Bàa Jó Dànù

Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbé pikọ́ọ̀pù yẹn dé Ìgàndó, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Tíṣà ni Bùọ̀dá Akínlẹ́yẹ. Ọkọ̀ tí èèyàn ń jókòó sí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rà, òun ra èyí tí wọ́n fi ń kó iṣu. Àǹtí Tòún, ẹ̀gbọ́n mi, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá Báyọ̀dé, ṣé ẹ̀yìn yẹn lẹ máa gbé èmi àtọmọ sí ni, bí ewúrẹ́?"

Bùọ̀dá ní ká fara balẹ̀. Ó ní díísù ló ń mu, kì í ṣe bẹntiróòlù, díísù kì í sì í tètè tán. Ó ní ọkọ̀ tó bá gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tó tún lọ kó gbágùúdá wá láti oko ní Mọ́ńdè, ọkọ̀ méjì ni. Ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹnu yẹn náà ló fi fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Àfi bí ọdún 1994 ṣe dá a láre. Bẹntiróòlù di ohun àwátì. Àwọn tó ní ọkọ̀ olówó ńlá ń sùn mọ́ ilé epo ní Ìyànà Ìpájà, àwa sì ń lọ tiwa. Èmi àti Báyọ̀dé wà lẹ́yìn lórí mátírẹ́ẹ̀sì, Àǹtí Tòún wà níwájú, ó ń juwọ́ sí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Kò tún sí ẹni tó fẹ́ràn pikọ́ọ̀pù náà tó Àǹtí. Bí a bá ti dúró ra búrẹ́dì báyìí, á ní, "Ẹ pa á, Bàbá Báyọ̀dé, epo ń jó!" Bí Bùọ̀dá kò bá sì tètè gbọ́, òun fúnra rẹ̀ á na ọwọ́, á pa á.

Nígbà tó yá, sítátà ọkọ̀ náà, ohun tó ń jí ẹ́ńjìnnì, kú. Bùọ̀dá nìkan ló mọ̀, òun àti mẹkáníìkì rẹ̀. Owó oṣù tíṣà kò jáde, kò sí ohun tó máa fi ṣe é, ó sì ti fi gbogbo ẹnu sọ pé ọkọ̀ yìí kì í bàjẹ́. Ojú ń tì í láti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó wá ń gbé ọkọ̀ sórí ìdagẹ̀rẹ́ iwájú ilé Àlàájì Ràímì, tó jẹ́ pé bó bá ti tú bíréèkì, ọkọ̀ á yí wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì jí. Ibikíbi tí a bá fẹ́ dúró, ìdagẹ̀rẹ́ ló ń wá. Àǹtí bi í pé kí ló dé.

"Ó ń dín díísù kù ni," ni Bùọ̀dá wí. "Bó bá fúnra rẹ̀ yí, kò ní mu epo láti jí."

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́. Ó tilẹ̀ ń fi yangàn láàárín àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé ọkọ òun ní ọgbọ́n. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ ti Bùọ̀dá kò rìn tó bẹ́ẹ̀.

Oyún kejì ló wà nínú Àǹtí Tòún. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kò lè rìn. Bùọ̀dá sáré lọ sókè, ó yí ọkọ̀ náà wálẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Inú kòtò sì ni ilé wa wà. Kò ní gbé ọkọ̀ débẹ̀ láé bí kì í bá ṣe nítorí Àǹtí. A gbé Àǹtí síwájú ọkọ̀. Bùọ̀dá fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa kù, ó sáré lọ pe Ìyá Sìdíkátù, àgbàlagbà ilé kejì, kó wá bá wa dì í mú lọ́nà. Èmi ń ti ilẹ̀kùn ilé lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́.

"Ta ló pa á?" Bùọ̀dá ti ń pariwo bọ̀.

"Èmi ni," ni Àǹtí wí. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ń pẹ́. Mo ní kí epo má bàa jó dànù."

Bùọ̀dá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ó tún un yí. Gbogbo àdúgbò jáde láti ti ọkọ̀, ọkùnrin àtobìnrin, ṣùgbọ́n òkè ni iwájú, òkè ni ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ sì ń yọ̀ wá lẹ́sẹ̀. Àlàájì Ràímì nà ró, ó ń mí hẹlẹ.

"Tíṣà, àbí sítátà ẹ ti kú ni?"

Bùọ̀dá fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó sì lọ gbé mátírẹ́ẹ̀sì wá láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Kò sí ọkọ̀ mìíràn ládùúgbò tó ní epo. Mátírẹ́ẹ̀sì náà la fi gbé Àǹtí dé títì, a sì dúró pẹ́ kí ọkọ̀ oníyanrìn kan tó ṣàánú wa. Títí a fi dé ọsibítù ní Ìkọ̀tún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá Báyọ̀dé. Mi ò mọ̀ pé ó máa kọ̀. Ẹ má bínú sí mi." Bùọ̀dá ń sunkún, ó ní, "Kò burú, Ìyá Báyọ̀dé." Kò sọ fún un. Mo jókòó tì wọ́n, mo sì ń retí kó sọ ọ́.

Wọ́n gba ọmọ náà là, obìnrin ni. Wọn kò rí ìyá rẹ̀ gbà.

Òbí kì í rí sàréè ọmọ, nítorí náà Màmá wa kò bá wa débi ìsìnkú. Abúlé Ẹ̀gbá ló jókòó sí, tí wọ́n ń kí i kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ìròyìn ti ṣáájú wa débẹ̀ pé Tòún ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí èmi àti Bùọ̀dá gbé ọmọ dé, àbúrò bàbá wa kan ń mi orí lórí àga.

"Ìṣúnná ló pa ọmọ yìí. Kí ni díísù jẹ́ lára ẹ̀mí?"

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Bùọ̀dá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀.

"Màmá, irọ́ ni mo pa fún un. Sítátà ti kú tipẹ́. Mo sọ fún un pé epo ni mò ń ṣọ́."

Màmá wò ó títí.

"Ṣé ó mọ̀ kó tó kú?"

"Rárá, mà. Ó ń bẹ̀ mí ni. Mo sì jẹ́ kó máa bẹ̀ mí." Ó gbá ẹsẹ̀ Màmá mú. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mo bẹ̀ yín."

Màmá na ọwọ́, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Akínlẹ́yẹ," ó ní, "ẹni tó yẹ kí o bẹ̀ ti bẹ̀ ọ́ títí ó fi kú. Dìde. Ebi ń pa ọmọ rẹ."