Kọ́là Ọrùn Ìyálé

"Ó tún ti jẹ ẹ́," ni Bàbá Ọṣẹ wí sínú fóònù. Ẹnu ọ̀nà ilé ehoro tó wà lẹ́yìn ilé ló dúró sí, ó sì fi áńkáṣíìfù di imú. "Láti ìdí ara rẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kó balẹ̀. Ó kàn ki orí bọ abẹ́ itan, ó fi ẹnu gbà á, ó wá ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà nídìí àsè."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló wà, ó sì ti kó àwọn ehoro rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́ nítorí pé kò rí ẹlòmíràn kó wọn lé.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn," ni obìnrin náà wí. "Oríṣi ìgbẹ́ méjì ni ehoro ń yà. Èyí tó le bí kóró ẹ̀wà, wọ́n á dà á nù. Èyí tó rọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ padà. Ara oúnjẹ wọn ni."

"Oúnjẹ tó ti gba inú kọjá lẹ́ẹ̀kan."

"Òun náà ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Baálé mi. Wọ́n tiẹ̀ ń pè yín pé kí ẹ wá bá àwọn jẹun, ẹ ò dá wọn lóhùn. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ yín nìyẹn? Ẹ ò lè sọ pé á gba ibi ire?"

"Màá bì sórí fóònù yìí o."

"Ẹ má bì. Ẹ ṣáà bá mi tọ́jú Ìyálé. Òun ló bí gbogbo wọn. Tí nǹkan kan bá ṣe é, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ orí mi yìí."

Ìyálé ni ehoro ńlá funfun tó ní àmì dúdú lójú. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà. Obìnrin náà ní nígbà tí ọkọ òun kò fẹ́ ìyàwó kún òun, òun ti bá a fẹ́ ọ̀kan, òun sì fi ìyẹn ṣe àgbà lórí ara òun.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni Bàbá Ọṣẹ ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti fọ àbààwọ́n tí ẹlòmíràn máa torí rẹ̀ sun aṣọ. Síbẹ̀, kò sí ohun tó ń kó o nírìíra tó ìdọ̀tí. Tó bá bọ èèyàn lọ́wọ́, yóò lọ fọwọ́. Tí ọṣẹ bá bọ́ sílẹ̀, yóò kọ́kọ́ fọ ọṣẹ náà. Èyí ló sọ ọ́ di Bàbá Ọṣẹ ní àdúgbò, kò sì bínú sí i, orúkọ tó mọ́ ni.

Ó ti fóònù bọ àpò. "Kí n fi wọ́n sílẹ̀," ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "lẹ́yìn ilé tí èmi ń sùn."

Ó wọ yàrá, ó kó àwọn páálí tó máa ń tẹ́ sínú ṣẹ́ẹ̀tì lílọ̀ nígbà iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó fi okùn wọn ọrùn ehoro kọ̀ọ̀kan bí télọ̀ ṣe ń wọn ọrùn oníbàárà. Ó gé páálí roboto, ó lu ihò sí àárín, ó ṣe etí rẹ̀ kó má baà gún wọn, ó sì wọ̀ ọ́ sí wọn lọ́rùn. Orí wọn kò lè dé ìdí mọ́. Wọ́n jókòó nínú kéèjì, kọ́là ńlá yí wọn lọ́rùn ká, wọ́n dà bí àwọn àgbààgbà tó ń dúró de ayàwòrán. Lẹ́yìn náà ló da oògùn apakòkòrò díẹ̀ sínú omi mímu wọn, kí inú wọn náà lè mọ́.

Ọ̀kan ṣoṣo ló ya kọ́là rẹ̀. Akọ kan ni, etí rẹ̀ kan ti ya níbi ìjà, Jàǹdùkú ni wọ́n ń pè é. Ó fi eyín fa kọ́là ya, ó jẹ ẹ́ tán, ó da ike omi nù, ó wá ki orí bọ abẹ́ itan lójú Bàbá Ọṣẹ báyìí.

"Máa jẹ ẹ́," ni Bàbá Ọṣẹ wí. "Ìwọ nìkan ni màá kà sí ẹran níbí."

Àrà tó dá ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí Jàǹdùkú, ẹnikẹ́ni kò jẹ nǹkan kan mọ́ láti ìdí. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ rírọ̀ náà wá ń já bọ́ sórí páànù abẹ́ kéèjì, ó ń dán, ó ṣù pọ̀, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ìbọ̀sẹ̀ tútù tí wọ́n gbàgbé sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Bàbá Ọṣẹ ń fi igi kó o dànù pẹ̀lú ojú dídì. Nígbà tó yá, wọn kò jẹ koríko mọ́. Àwọn kan ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìyálé ká gúlútú sí kọ̀rọ̀, ikùn rẹ̀ wú, ó le gbandi, ó sì ń pa eyín keke bí ẹni tí otútù ń mú.

Ìyàwó pè. "Ìyálé ńkọ́?"

"Ó ń sinmi," ni Bàbá Ọṣẹ dáhùn. Bó ṣe pa fóònù, ó pe dókítà ẹran.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n aṣọ funfun tó wọ̀ mú inú Bàbá Ọṣẹ dùn. Ó mọ́, wọ́n sì lọ̀ ọ́ débi pé ilà apá rẹ̀ lè gé èèyàn. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó ti ìka bọ ìgbẹ́ gbuuru inú páànù, ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ dáadáa, ó wá nu ìka náà sí ara aṣọ funfun. Bàbá Ọṣẹ di ògiri mú.

"Ta ló wọ kọ́là fún wọn, bàbá?"

"Èmi ni."

"Iṣẹ́ yín dára o. Àwọn télọ̀ kan ò lè ṣe é báyìí." Ó ti ń bọ́ wọn kúrò lọ́rùn. "Wàhálà ibẹ̀ ni pé koríko kì í dà tán ní inú ehoro ní ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn kòkòrò rere tí ojú ò lè rí ló ń bá a ṣe é nínú ìfun. Ohun tó ń jẹ padà yẹn, iṣẹ́ wọn ló kún inú rẹ̀. Ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ tún fi kọ́là dẹ́rù bà á. Kí lẹ dà sínú omi yìí?"

Bàbá Ọṣẹ sọ fún un.

"Ẹ wá pa àwọn òṣìṣẹ́ tó kù." Dókítà da omi náà nù. Ó fún Ìyálé ní abẹ́rẹ́ fún ìrora, ó sì yọ páúdà inú ọ̀rá kékeré kan jáde. "Kòkòrò rere ló wà nínú èyí. Ààyè ni wọ́n. Ẹ pò ó mọ́ omi, kí ẹ fún gbogbo wọn mu."

"Ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi da kòkòrò sínú omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Omi tí kò ní oògùn o."

Bí dókítà ti lọ, Bàbá Ọṣẹ gbé ìkòkò kaná. Ó rò ó síwá sẹ́yìn: kòkòrò yòówù kó dára, kó ṣáà kọ́kọ́ wẹ̀. Ó da páúdà náà sínú omi híhó, ó rò ó pọ̀, ó jẹ́ kó tutù, ó sẹ́ ẹ, ó sì fún wọn mu tìtaratìtara.

Nígbà tí dókítà padà wá, Ìyálé kò gbé orí mọ́.

"Báwo lẹ ṣe pò ó?"

"Omi híhó ni mo fi pò ó. Mo rí i pé ó hó dáadáa."

Dókítà jókòó sórí korobá tó dojú dé. "Bàbá, ẹ ti sè wọ́n."

"Gbogbo wọn?"

"Wọ́n ti jinná."

Páúdà mìíràn kò sí nínú àpò rẹ̀, èyí tó bá sì rán ẹnì kan lọ mú bọ̀ kò ní bá Ìyálé láàyè. Ó wo kéèjì kan sí òmíràn, ojú rẹ̀ wá dúró sórí Jàǹdùkú. Irun ara ìyẹn ń dán. Ó ti da omi olóògùn rẹ̀ nù láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì dákẹ́ jíjẹ.

"Èyí kò ṣàìsàn rárá," ni dókítà wí. "Ìgbẹ́ rírọ̀ tirẹ̀ la máa lò. Kòkòrò rere inú rẹ̀ tiẹ̀ bá wọn mu ju ti inú páúdà lọ. A máa pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a máa fi sírínjì kán an sí Ìyálé lẹ́nu díẹ̀díẹ̀."

"Ta ni 'a'?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Ìdájí ló máa ń jáde. Mi ò lè fi dá yín lójú pé ó máa yè é, ṣùgbọ́n ohun tó kù nìyẹn. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ó máa ń jẹ ẹ́ kó tó balẹ̀. Àfi tí a bá rí nǹkan wọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Bàbá Ọṣẹ wo páálí. Dókítà náà wo páálí.

Kọ́là Jàǹdùkú ti ọ̀tẹ̀ yìí, páálí onílọ̀ọ́po méjì ni, ó fi sítáàṣì mú un le, kò sí eyín tó lè ràn án kíákíá. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, Bàbá Ọṣẹ dé ìdí kéèjì pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ méjèèjì. Ohun tó wá wà lórí páànù, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó ń dán. Ó fẹ́ mú un, ó yọ̀ bọ́. Ó tún mú un, ó tẹ̀ ẹ́ fọ́ mọ́ orí páànù, òórùn rẹ̀ lé e sẹ́yìn. Ìyókù kò tó nǹkan. Tó bá tún ba ìyẹn jẹ́, ó di ìdájí ọjọ́ kejì, Ìyálé kò sì ní ọjọ́ kejì lára.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó fi ìka lásán mú un.

Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìyẹn ló burú jù, pé ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, ó wọ abẹ́ èékánná. Ó pò ó nínú ife, ó kán omi náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ láti mọ̀ bóyá kò gbóná jù, ó gbé Ìyálé lé orí síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀, ó sì ń kán an sí i lẹ́nu. Ehoro náà gbé e mì. Ó tún gbé e mì. Ẹ̀kẹta, ó sín, gbogbo rẹ̀ sì fọ́n sí Bàbá Ọṣẹ ní irunmú.

Ẹ̀rọ omi kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bíi mélòó kan lọ sí i. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn apá nu ẹnu, ó tún fa sírínjì kún.

Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á níkùn bí dókítà ṣe kọ́ ọ, títí oòrùn fi ràn wọ inú ilé ehoro. Ó dá a padà sínú kéèjì, ó sì ti ń tòògbé nígbà tó gbọ́ "tó" lórí páànù. Ó tún gbọ́ "tó". Ó la ojú. Kóró ìgbẹ́ méjì, líle, gbígbẹ, roboto. Kò rí ohun tó wù ú bẹ́ẹ̀ rí. Ìyálé na ọrùn, ó sì gé etí koríko kan jẹ.

Bàbá Ọṣẹ kò dúró kí ìyàwó rẹ̀ pè. Òun ló pè é, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: kọ́là, oògùn inú omi, kòkòrò tó sè jinná, irọ́ tó pa pé Ìyálé ń sinmi, àti ìgbẹ́ Jàǹdùkú tó fi tọ́jú rẹ̀.

"Mo ní kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni obìnrin náà wí.

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fi ọwọ́ yín mú un?"

"Ọwọ́ mi."

"Láìsí ìbọ̀wọ́?"

"Ó ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Mi ò tíì kúrò níbí."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọmọ yìí sílẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá bínú ni tàbí màá rẹ́rìn-ín, méjèèjì sì lè jí i."

Ìgbà náà ni Ìyálé rọra ki orí bọ abẹ́ itan. Ó gbé orí jáde, ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ó sì tẹjú mọ́ Bàbá Ọṣẹ. Ó fẹ́ yíjú kúrò, kò yí i.

"Ìyálé ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. "Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń jẹun ni."

Bàbá Ọṣẹ tẹ orí ba díẹ̀, bí ẹni tó já lu àgbàlagbà nídìí oúnjẹ.

"Á gba ibi ire," ó ní.