Àálè Lórí Iyanrìn

Fàà. Yóò dákẹ́ díẹ̀. Fàà. Ìró iyanrìn ni, bí ẹni pé ìyá àgbà kan ń fi awẹ́ igbá bu yẹ̀pẹ̀ dànù láìkánjú. Ìjàpá òkun ló ń gbẹ́ ilẹ̀ tí yóò yé ẹyin sí. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń rìn kiri etí òkun, ṣùgbọ́n bí aládùúgbò mi níhìn-ín ní Abíjánì bá ń gbá àgbàlá rẹ̀ láàárọ̀, ìró yẹn ni etí mi ń gbọ́, inú mi a sì bàjẹ́ kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Ọmọ Ìlọrà ni mí. Bámidélé ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti so ìrù mọ́ ọn fún mi nílé: Bámidélé Olè Ẹyin. Mi ò jí ẹyin. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jí i ni mo fẹ́ sọ, ó sì ṣòro fún mi láti sọ, nítorí ọ̀rẹ́ mi ni.

Ọlálékan ọmọ Fìdítì ni. Oko baba rẹ̀ àti oko baba mi ló pààlà. Àáró la jọ ń ṣe: lónìí a ro oko tiwọn, lọ́la a ro tiwa. Bí ọ̀pẹ̀-òyìnbó bá pọ́n, a jọ ń rù ú lọ sẹ́bàá títì kí lọ́rì Ìbàdàn tó kọjá. Bí ènìyàn bá rí ọ̀kan nínú wa, èkejì ni yóò bèèrè.

Òmìnira ti dé, ọdún díẹ̀ sì ti gorí rẹ̀, nígbà tí obìnrin òyìnbó kan tí à ń pè ní Mísì Hannah wá bá àwa ọ̀dọ́ ìjọ sọ̀rọ̀ ní Fìdítì. Ó ní ní etí òkun Gáná, àwọn ìjàpá ńlá kan wà tí ń ti inú omi gòkè wá yé ẹyin, pé àwọn èèyàn ń wú ẹyin wọn, wọ́n sì ń pa ìyá wọn, àti pé bí a bá ń wò ó níran, wọn yóò tán láyé. Ó ń wá ọ̀dọ́ tí yóò bá òun ṣọ́ wọn títí ìgbà yíyé yóò fi kọjá. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Oúnjẹ àti ibi ìsùn nìkan ni.

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí òkun rí, mo sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí ní agbolé wa. Pákí ni ìyá mi, Àlàkẹ́, ń bó nígbà tí mo sọ fún un. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìjàpá kẹ̀? Ìjàpá tí gbogbo àlọ́ ní olè ni, òun lọmọ mi ń lọ ṣọ́?"

"Ti òkun ni, Ìyá mi. Kì í ṣe ti inú àlọ́."

"Ṣé ti òkun kì í jalè ni?"

"Àwọn èèyàn ló ń jí ẹyin tirẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. "Ayé ti dorí kodò o! Ó dáa, máa lọ. Ṣùgbọ́n kí n má gbọ́ tó bá yá pé ọmọ tèmi ni wọ́n wá ń ṣọ́ o."

Ọlálékan kò kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Nígbà tó rí i pé mo ti di ẹrù mi, ó jókòó sórí ẹrù náà. "Bí o bá lọ, ta ni yóò bá mi ṣe àáró? Mo ń bá ọ lọ jàre."

Abúlé apẹja kan ni Mísì Hannah kó wa lọ. Olórí àwọn apẹja náà, arúgbó gíga kan, ti bá àwọn oníṣòwò wa gbé lọ́jà fún ìgbà pípẹ́, ó sì gbọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ló máa ń já a sí wẹ́wẹ́. Aláta ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀.

"Aláta," ó ní, "ẹyin yìí, baba wa kì í jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ wa ló ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń tà á. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn yóò fi í sílẹ̀ lọ́dún yìí, kí àwọn fi wo ọwọ́ yín. Bí ẹyin bá sọnù lọ́wọ́ yín, ó tán nìyẹn, wọn ò ní gbọ́ tèmi mọ́. Ta ni yóò fi orúkọ rẹ̀ dúró?"

"Èmi ni, Bàbá. Bámidélé ni orúkọ mi."

Ó wo Ọlálékan. Ọlálékan ní, "Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá." Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà.

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ là ń jáde. Ipa ẹsẹ̀ àwọn ìjàpá náà a gba orí iyanrìn láti ibi omi títí dé ibi tí wọ́n yé sí, gbàràmù-gbaramu, bí ìgbà tí katakata kọjá lóko. Mísì Hannah fi imọ̀ ọ̀pẹ lé wa lọ́wọ́, ó ní kí a máa gbá ipa náà, kí a pa á rẹ́ pátápátá, kí ojú olè má lè mọ ibi tí ẹyin wà. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ohun tí a fẹ́ kí ó gbó pamọ́. Àálè là ń so sí i: àkísà, àjókù ìgbálẹ̀, ìkarahun ìgbín, a ó so wọ́n rọ̀ sára igi, ẹni tó ń kọjá yóò sì mọ̀ pé nǹkan yìí ní olówó, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án fọwọ́ fa ègún. Ebi ìbáà máa pa olè, yóò yà fún un.

Nígbà tí Mísì Hannah lọ wá wáyà tí yóò fi ṣe ọgbà ní olú-ìlú, mo ní kí a so àálè sórí ẹyin náà. Bí mo ti sọ ọ́ báyìí ni Ọlálékan ti na ọwọ́ gba okùn.

"Jẹ́ kí n so ó."

"Olóko ló ń so àálè ara rẹ̀, Lékan."

"Ta wá ni olóko níbí? Ṣé ìwọ lo yé ẹyin ni?"

Ẹ̀rín pa mí. Ó ní, "Àáró ni ká kúkú pè é. Ìwọ gbẹ́ igi, èmi á so." Mo gbà. Mo ń gbẹ́ igi, ó ń so, à ń kọrin bí ẹni wà lóko ní Fìdítì.

Olórí àwọn apẹja wá wò wá. "Ìdọ̀tí kí ni ẹ so kọ́ báyìí?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní ẹni tí kò bá so ó kò gbọdọ̀ tú u, pé ẹni tó so ó nìkan ni àálè kì í ṣe nǹkan kan.

"Ta ló so ó?"

"Èmi ni, Bàbá." Orúkọ mi ló kúkú wà nílẹ̀, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọlálékan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ká okùn tó kù.

Bàbá náà sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń ru àwọ̀n lọ sídìí ọkọ̀, wọn a yà bàrá fún àálè wa. Àwọn obìnrin wọn a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Aláta gbin àkísà, àkísà yóò hù. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ iyanrìn lábẹ́ àálè kan, ẹsẹ̀ mi rì. Mo kúnlẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo lọ sí èkejì, òfìfo. Bí mo ṣe ń lọ láti orí ọ̀kan sí òmíràn nìyẹn, gbogbo apá ìsàlẹ̀ etí òkun ni wọ́n ti wú tán. Àálè sì wà lórí gbogbo wọn. Ẹni tó wú ẹyin ti tú u, ó sì ti padà so ó dáadáa, ìso tí a fi ń di ẹrù ọ̀pẹ̀-òyìnbó nílé lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní abúlé náà àfi àwa méjì.

Ìgbà náà ló yé mi ìdí tí Ọlálékan fi ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ so ó. Ẹ̀rù àálè kò lè bà á. Òun ló so ó.

Mo bá a níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀ létí omi.

"Lékan, ẹyin dà?"

"Ẹyin wo?"

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

Ó wo òkun. "Àwọn alásè inú ọkọ̀ ńlá ní èbúté ló ń rà á. Ilé baba mi ń jò, Délé, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Páànù ni mo fẹ́ fi owó rẹ̀ rà. Ìjàpá ò sì mọ iye ẹyin tí òun yé."

"Mo fi orúkọ mi dúró!"

"Orúkọ rẹ ni," ó ní. "Kì í ṣe tèmi."

Mo ní mò ń lọ bá olórí àwọn apẹja. Ó ní kí a jọ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Kí n tó kí bàbá náà tán, Ọlálékan ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dárí jì wá, Bàbá. Ojú ń tì mí. Wọ́n ti wú ẹyin. Ẹ bi ọ̀rẹ́ mi yìí léèrè, ta ló so àálè?"

Bàbá náà kọjú sí mi. "Aláta, ìwọ lo sọ fún mi pé ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u. Mo bi ọ́, o ní ìwọ lo so ó."

"Òun ló so ó, Bàbá! Ọlálékan ló so ó!"

"Ìgbà wo ló wá di òun?"

Mo sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há. Ọlálékan dojú bolẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tí àánú mi ń ṣe. Bàbá náà kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn ní, "Mo bẹ àwọn èèyàn mi nítorí rẹ," ó sì wọlé lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn apẹja wá wú gbogbo ẹyin tó kù. Wọ́n ń fa àálè tu, wọ́n ń jù ú sínú omi. Ẹnì kankan ò bú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Nígbà tí Mísì Hannah dé, tòun ti wáyà rẹ̀ lórí lọ́rì, ó rìn láti ihò dé ihò. "Mo ní kí ẹ pa ipa wọn rẹ́," ló wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí àwa méjèèjì máa lọ.

Ọlálékan wọ ọkọ̀ lọ sílé. Èmi yà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa lọ́jà, kí ọkàn mi lè rọlẹ̀ díẹ̀ kí n tó padà. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ délé. Ó dúró láàárín ìjọ ní Fìdítì, ó ní mo ti kó ìtìjú bá gbogbo wọn nílẹ̀ òkèèrè. Kò pẹ́ tí Ìlọrà fi gbọ́. Bí ìyá mi bá ń lọ sódò, wọn a kí i pé, "Ẹ kú ọmọ o, Ìyá Olè Ẹyin." Ó rán oníṣòwò kan sí mi pé ṣé òótọ́ ni. Mo ní irọ́ ni. Ó tún ránṣẹ́: "Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Wá sọ ọ́ lójú wọn." Mo ń wá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí oníṣòwò kan náà padà dé, tí kò lè wò mí lójú. Àlàkẹ́ ìyá mi ti sùn.

Ní 1969, nígbà tí wọ́n ní kí àjèjì fi Gáná sílẹ̀, tí àwọn èèyàn wa ń di ẹrù wálé tẹkún-tẹkún, mo dúró ní gáréèjì. Ọkọ̀ kan ń lọ sílé. Mo wọ èyí tó ń lọ sí Abíjánì. Láti ìgbà náà ni mo ti wà níhìn-ín.

Ní oṣù tó kọjá, fóònù mi dún.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ìyábọ̀dé ni, ọmọ Bàbá Ọlálékan ní Fìdítì. Ọwọ́ àbúrò yín obìnrin ní Ìlọrà ni mo ti gba nọ́ńbà yín."

Rachel ni àbúrò mi obìnrin. Òun ló kù ní agbolé wa.

Ìyábọ̀dé ní ìjọ fẹ́ fi baba òun jẹ Bàbá Ìjọ. "Bàbá mi máa ń sọ fún wa bí ẹ ṣe jọ lọ ṣọ́ ìjàpá òkun ní Gáná, bí wọ́n ṣe ń so àálè sí ẹyin. Gbogbo ìjọ ló fẹ́ràn ìtàn yẹn, Bàbá!"

"Ta ló so àálè?"

"Àwọn ni. Àbí àwọn kọ́ ni, Bàbá?"

"Àwọn ni, ọmọ mi. Báwo ni wọ́n ṣe ní ó parí?"

"Wọ́n ní ẹnìkan ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀." Ó rọra rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn fi ohùn ránṣẹ́, kí ìjọ gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìwúyè. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré."

Láti ọjọ́ náà, ó ń pè, mi ò gbé e. Ó tún pè. Lánàá, lẹ́yìn tí mo jẹun tán, mo tẹ fóònù, mo gba ohùn mi sílẹ̀ fún Ọlálékan, mo sì sọ èyí:

"Ọlálékan, Bámidélé ni. Mo gbọ́ pé o fẹ́ ohùn mi fún ìjọ. Kó o tó gbọ́ ọ, lọ sí Ìlọrà, sí agbolé wa. Rachel wà níbẹ̀. Jókòó tì í, kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ẹni tó wú ẹyin fún un. Má rán ọmọ rẹ lọ, ìwọ ni kó o lọ. Bí Rachel bá pè mí pé o ti wá, màá bá ìjọ rẹ sọ̀rọ̀, mi ò sì ní bú ọ. Bí kò bá pè mí, jẹ oyè rẹ. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ọ̀rẹ́ ni wá."